Búrọ́ọ̀ṣì Ni Ó Ń Fọ Eyín. Kí Wá Ni Iṣẹ́ Ọṣẹ?

Láàárín àwọn ará àríwá Èkìtì, láti Ìdó gba Ìfàkì dé Ọ̀yẹ́, títí lọ dé Ìkọ̀lé tí ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀ Kwara, ọmọ tí a kọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ kì í dìde lórí ẹní kí ó máa kí àgbà káàárọ̀ nígbà tí kò tí ì fọ ẹnu rẹ̀. Baba àgbà pàápàá, ẹni tí gbogbo agbo ilé ń wárí fún, a kọ́kọ́ jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, a ki orín bọ ẹnu, a máa run ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìkánjú, ẹni tí ó bá sì bi í ní ọ̀rọ̀ ní àkókò náà yóò gba ìdáhùn tí kò ju mímì orí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ki obìnrin ẹlẹ́wà kì í mẹ́nu kúrò lórí eyín rẹ̀: adúmáadán, eyínfúnjowó, eléjìí tí ẹ̀rín yẹ. Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ wa pé ẹnu yẹ ní fífọ̀. Ohun tí òyìnbó kó dé kò ju igi ike tí a gbin irun sí lórí, àti ọṣẹ rírọ̀ tí a rọ sínú túùbù, tí ìfófòó rẹ̀ ń kún ẹnu, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán.

Ní apá ibẹ̀ ni igbó kìjikìji ti ń dágbére fún ọ̀dàn, nítorí náà igi tí a ń gé ní orín kò wọ́n àwọn ènìyàn náà rí. Orín ata wà níbẹ̀, tí í máa ta ahọ́n títí tí ahọ́n yóò fi kú tipiri. Orín ìdí wà níbẹ̀ àti àyìn tí ń hù ní ọ̀dàn. Gbòǹgbò orógbó wà. Pákò Ìjẹ̀bú ń ti ọ̀nà jíjìn dé ọjà. Ewúro sì wà lẹ́yìn ilé gbogbo, èyí tí í korò gan-an nígbà tí a bá kọ́kọ́ fi eyín bù ú, ṣùgbọ́n tí gbogbo wa mọ̀ pé adùn ní ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Lónìí, ẹni tí ó bá gba iwájú àwọn ìsọ̀ tí ó yí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ká ní Ọ̀yẹ́, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 2011, tàbí ti ẹ̀ka rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, Close-Up, Macleans, Oral-B àti Dabur ni yóò rí tí wọ́n tò sílẹ̀ gbẹẹrẹ, ọ̀kan ń ṣèlérí eyín funfun, èkejì ń ṣèlérí èémí dídùn, ẹ̀kẹta ń fi ewé àti egbò yangàn. Owó wọn kò dọ́gba, àwọ̀ wọn kò dọ́gba. Kí ni ó wà nínú wọn gan-an, èwo nínú ohun tí ó wà nínú wọn ni ó sì ń ran eyín fífọ̀ lọ́wọ́?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀tá tí a ń bá jà. Nínú gbogbo ara ènìyàn, kò sí ohun tí ó le tó èèpo eyín. Egungun pàápàá kò tó o. Síbẹ̀, ẹgbàágbèje kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó fi ẹnu ṣe ilé, wọ́n a sì máa kóra jọ sí ara eyín ní ẹ̀gbin yíyọ̀ kan tí ahọ́n wa ń bá pàdé bí a bá jí láàárọ̀. Bí a bá ti fi ṣúgà kan ẹnu, àwọn kòkòrò yìí a bá wa jẹ nínú rẹ̀, wọ́n a sì sọ ọ́ di omi kíkan, omi kíkan yìí ni ó sì ń yọ èròjà líle kúrò lára èèpo eyín. Ọlọ́run ọba kò fi wá sílẹ̀ láìní olùgbèjà, nítorí pé itọ́ wa a máa fọ omi kíkan náà dànù, a sì máa dá èròjà tí ó sọnù padà sí ibi tí ó ti kúrò. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà bá ń wọlé lemọ́lemọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tàbí bí oorun bá dé tí itọ́ gbẹ lẹ́nu, olùgbèjà náà kò ní lè borí. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àmì funfun kékeré ni a ó kọ́kọ́ rí, ihò a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà akokoro a dé, tí kì í jẹ́ kí àgbàlagbà ó sùn. Àwọn baba wa tí wọ́n sọ pé kòkòrò ni ó ń jẹ eyín kò ṣìnà púpọ̀: kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ní ń gbé.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ báyìí lè ya àwọn òǹkàwé kan lẹ́nu. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ìṣègùn eyín kan ní Amsterdam kó àwọn ìwádìí tí a ti ṣe ṣáájú jọ, nínú èyí tí a ti jẹ́ kí àwọn ènìyàn fi búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ọṣẹ sí fọ eyín wọn, tí a sì tún jẹ́ kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì lásán fọ̀ ọ́, tí a wá wọn ẹ̀gbin tí ó kúrò. Nǹkan bí ìdajì ẹ̀gbin náà ni ó kúrò, yálà ọṣẹ wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀. Fífi irun búrọ́ọ̀ṣì ha eyín, kí ó dé ìdí èrìgì, kí ó dé ẹ̀yìn àti ojú ìjẹun, kí a má sì kánjú, ìyẹn ni ó ń mú ẹ̀gbin kúrò; ọṣẹ kò fi nǹkan tí a lè tọ́ka sí kún un. Ẹni tí ó bá dáko mọ̀ ọ́n: ọkọ́ ni ó ń pa koríko, ajílẹ̀ kì í pa koríko, ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tí ó lóye tí yóò torí èyí sọ pé ajílẹ̀ kò wúlò fún iṣu. Búrọ́ọ̀ṣì ni ọkọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, orín náà sì ni ọkọ́. Ajílẹ̀ inú túùbù ni ó kù tí a ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a tú túùbù náà wò. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, lẹ́yìn omi àti èròjà tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ gbẹ, ni lẹ́búlẹ́bú tí a fi ń ha eyín. Nínú àwọn kan ẹfun ni, èyí tí a ń kọ sára páálí pé calcium carbonate. Nínú àwọn mìíràn silica ni, èyí tí ó bá iyanrìn tan. Lẹ́búlẹ́bú yìí ni ó ń bá wa bọ́ àbàwọ́n obì, tíì àti tábà, nítorí náà ẹni tí ó bá ń jẹ obì lójoojúmọ́ yóò rí ìwúlò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbàwọ́n obì kì í ṣe àrùn, eyín tí ó funfun nini sì lè ní ihò ní ìkọ̀kọ̀. Bí lẹ́búlẹ́bú náà bá sì mú jù, tàbí tí a fi agbára gbo ó jù, yóò máa jẹ ara eyín fúnra rẹ̀, pàápàá ní ìdí tí èrìgì ti sún kúrò. Ìdí nìyí tí n kò fi kí àwọn tí ń fi ẹ̀ẹ̀dú lílọ̀ fọ eyín lójoojúmọ́ kú ọgbọ́n, yálà ẹ̀ẹ̀dú ìdáná ìyá àgbà ni, tàbí èyí tí wọ́n tún rọ sínú túùbù aláràbarà tí wọ́n sì fi owó gọbọi lé e lórí. Ó lè mú eyín dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ń lọ lára rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ kò ní padà.

Ti ìfófòó ńkọ́? Èròjà kan tí a ń pè ní sodium lauryl sulphate ni ó ń mú ọṣẹ hó. Ìfófòó a máa tan ọṣẹ káàkiri ẹnu, a sì máa jẹ́ kí ó dà bíi pé iṣẹ́ ńlá ti parí, nígbà tí ó jẹ́ pé a kò tíì fi ìṣẹ́jú kan ha eyín. Àwọn ènìyàn kan wà tí èròjà yìí kì í bá lára mu, tí egbò kéékèèké a máa yọ sí wọn lẹ́nu léraléra. Irú wọn lè wá ọṣẹ tí kò ní in nínú. Òórùn dídùn àti ìtútù tí ń fẹ́ yẹ́ẹ́ lẹ́nu kò ju ohun ọ̀ṣọ́ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní bú ohun ọ̀ṣọ́ tí ó bá mú ọmọdé fẹ́ràn láti fọ ẹnu. Potassium nitrate wà nínú èyí tí a ṣe fún àwọn tí omi tútù ń gún ní eyín, ó sì ń mú kí iṣan inú eyín rọlẹ̀ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Gbogbo èyí tí mo ti kà sílẹ̀ kò tó ọ̀kan ṣoṣo tí ó kù.

Ìtàn ọ̀kan náà jìn. Ní 1901, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣègùn eyín kan tí ń jẹ́ Frederick McKay dé ìlú Colorado Springs ní Amẹ́ríkà, ó sì bá ohun tí kò rí rí pàdé: eyín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ bíbí ìlú náà ní àbàwọ́n pípọ́n tí kò ṣeé fọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi tọpasẹ̀ ọ̀ràn náà, ó sì ṣàkíyèsí ohun ìyanu kejì, pé eyín alábàwọ́n wọ̀nyí kì í sáábà jẹrà. Ní 1931 ni H. V. Churchill, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ ALCOA, fi hàn pé fluoride, èròjà tí a ń wí yìí, ni ó pọ̀ nínú omi mímu tí ó sì ń fa àbàwọ́n náà. Àwọn ọlọ́gbọ́n wá rò ó pé, bí púpọ̀ rẹ̀ bá ń kun eyín, ìwọ̀nba rẹ̀ lè máa dáàbò bò ó láìkùn ún. Ní oṣù kìíní 1945, ìlú Grand Rapids ní Michigan di ìlú àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí ó wọn fluoride díẹ̀ sínú omi ẹ̀rọ rẹ̀, ìjẹrà eyín àwọn ọmọ tí a bí níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà sì dín kù ju ìdajì lọ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, níbi tí àwọn kan ti ń pọn omi kànga, tí àwọn kan ń gbe òjò, tí àwọn tí ọwọ́ wọn tó o sì ń gbẹ́ bọhòlù sínú ọgbà, ọṣẹ ìfọyín ni ọ̀nà tí ó sún mọ́ni jù láti rí fluoride lò.

Iṣẹ́ tí fluoride ń ṣe kò láriwo. A máa wà nínú itọ́ àti lára eyín, a máa ran itọ́ lọ́wọ́ láti dá èròjà líle padà sí ibi tí omi kíkan ti kó o lọ, ibi tí a tún ṣe náà a sì gbójú sí omi kíkan ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sì pọ̀: bí a bá pín ọṣẹ inú túùbù sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, 1,000 sí 1,500 péré ni ó yẹ kí ó jẹ́ fluoride. Nígbà tí a kó àwọn ìwádìí tí a ṣe lára àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jọ ní 2003, a rí i pé ọṣẹ tí ó ní in ń dín ìjẹrà eyín kù ní nǹkan bí 24 nínú ọgọ́rùn-ún ju èyí tí kò ní in lọ. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọṣẹ oní-fluoride mọ́ àwọn oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣe aláìní.

Ṣùgbọ́n kíkọ orúkọ oògùn sára páálí kò ní kí oògùn ṣiṣẹ́, ibí yìí sì ni ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ náà pọ̀ sí. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi fluoride sínú ọṣẹ kò rí èrè jẹ, nítorí pé kálísíọ́mù tí ó wà nínú ẹfun tí wọ́n fi ṣe ọṣẹ a gbá fluoride mú nínú túùbù, a sì dì í mọ́ra títí tí kò fi ní lè ṣe eyín láǹfààní kankan. Méjèèjì dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò sì lè gbé ilé kan náà. Joseph Muhler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Indiana ni wọ́n wá rí irú fluoride kan àti irú lẹ́búlẹ́bú kan tí ó lè bára gbé, èyí tí a fi ṣe ọṣẹ Crest tí ó bọ́ sí ọjà ní 1955, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní 1960. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ti mọ̀ pé bí ẹfun bá wà nínú rẹ̀, sodium monofluorophosphate ni ó bá a mu. Bí ó bá sì jẹ́ silica ni, sodium fluoride lè bá a gbé. Ẹ yí páálí náà sí ẹ̀yìn, kí ẹ fara balẹ̀ ka lẹ́tà wínníwínní tí ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá bá calcium carbonate àti sodium fluoride nìkan pa pọ̀, ẹ jẹ́ kí ó kọ yín lóminú. Bí ẹ kò bá sì rí fluoride rárá, a jẹ́ pé ẹfun àti òórùn dídùn ni ẹ fẹ́ fi owó rà.

Èyí tí ó bá ẹfun mu pàápàá kì í wà bẹ́ẹ̀ títí. Bí ó bá ti ń pẹ́ nínú túùbù, tí ooru sì ń mú un, fluoride tí ó lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ a máa dín kù. Nítorí náà, ọṣẹ tí a tò sínú oòrùn láti àárọ̀ títí ọjà yóò fi tú, tí déètì rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá, kì í ṣe ọjà ọ̀pọ̀, ẹ̀dínwó tí alátẹ bá ṣe lórí rẹ̀ yóò sì wulẹ̀ jẹ́ ẹ̀tàn. Nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ ni kí ojú kọ́kọ́ lọ síbi rẹ̀, kí ó tó lọ sí àwòrán arẹwà tí ń rẹ́rìn-ín.

Mo wá dé ibi tí èmi àti ọ̀pọ̀ àgbà kò ti ní fohùn ṣọ̀kan. Àṣà wa ni pé bí a bá fọ ẹnu tán, a ó bu omi, a ó fi ṣan ẹnu, a ó tutọ́, a ó tún bu omíràn, títí tí omi tí ń jáde lẹ́nu yóò fi mọ́ gaara. Ìyá tí ó bá rí ọmọ rẹ̀ tí ó fi ìfófòó sí igun ẹnu yóò pe é ní ọ̀bùn. Àṣà yìí dára púpọ̀ fún orín, nítorí èérún igi àti ìkorò ni a ń fọ̀ dànù. Fún ọṣẹ oní-fluoride, òfò ni. Oògùn tí a fi owó rà, tí ó fẹ́ kí a fi òun sílẹ̀ lára eyín kí òun lè ṣiṣẹ́, ni a ń dà sí ojú àgbàrá kí ó tó gbóná lẹ́nu. Ohun tí àwọn oníṣègùn eyín ń sọ báyìí ni pé kí a tutọ́ dáadáa, kí a nu ẹnu, kí a má sì fi omi ṣàn án. Ẹni tí kò bá lè fara dà á, kí ó lo ìwọ̀nba omi díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Alẹ́ ni èyí ṣe pàtàkì jù sí, nígbà tí kò sí oúnjẹ tí yóò tún wọlé mọ́, tí itọ́ sì fẹ́ gbẹ. Àárọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń fọ ẹnu, nítorí pé a ń fọ̀ ọ́ fún ẹni tí a ó bá sọ̀rọ̀. Eyín fúnra rẹ̀ ni ó ń fẹ́ ti alẹ́.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí èyí rò pé mo ń sọ orín di ohun ẹ̀gàn. Ní 1971, Abayomi Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé omi tí a fún lára àwọn orín wa ń dá àwọn kòkòrò àìfojúrí dúró. Ní ọdún kan náà, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Isaacs kọ ọ́ pé omi gbòǹgbò orín ata ń dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ alárùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ó ti tẹ̀ padà sí bí ó ti yẹ, nínú ìgò àyẹ̀wò. Orín ní irun tirẹ̀, ó ní omi tirẹ̀, ẹni tí ó sì ń run ún kì í kánjú, èyí tí ó sàn ju búrọ́ọ̀ṣì tí a fi gbá eyín lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ó kù sí ni pé ẹ̀yìn eyín àti ẹ̀gbẹ́ inú máa ń ṣòro fún un láti dé, fluoride inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí mo bá ní kí n gba ẹnikẹ́ni níyànjú, n ó ní kí ó run orín rẹ̀ ní òwúrọ̀ bí ó bá wù ú, kí ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ oní-fluoride parí iṣẹ́ ní alẹ́.

Ohun tí ó dáàbò bo àwọn baba wa ju orín lọ ni pé ṣúgà kò rí ọ̀nà dé ẹnu wọn. Iyán Èkìtì, ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò kì í lẹ̀ mọ́ eyín bí bisikíìtì, bẹ́ẹ̀ ni ẹmu kì í wà lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti ń wà báyìí. Ẹni tí ń ra ọṣẹ olówó gọbọi, tí ó sì ń fi súìtì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ kí ó tó sùn, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá. Bí ihò bá sì ti là, kò sí ọṣẹ tí ó lè dí i. Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó ni ó kù kí a mórí lé, níbi tí àwọn dókítà eyín wà, kí ó tó di pé yíyọ nìkan ni ó kù.

Ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yàtọ̀, nítorí pé wọn kò mọ bí a ti ń tutọ́, ọṣẹ tí ó ń dùn lẹ́nu ni wọ́n sì ń gbé mì. Èyí tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ni kí a fi kan búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan. Àwòrán tí a ń rí lára páálí, níbi tí ọṣẹ ti gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ irun búrọ́ọ̀ṣì dé òpin tí ó sì tún ká ṣóńṣó sókè, àwọn tí ń tà á ni ó ṣe láǹfààní. Àgbà ni kí ó fún ọṣẹ náà síbẹ̀, kí ó dúró ti ọmọ títí yóò fi tutọ́, kí ó sì gbé túùbù sókè kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, nítorí ọmọ tí ó bá ń gbé e mì púpọ̀ lójoojúmọ́ lè ní irú àbàwọ́n tí McKay rí ní Colorado. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, èèpo eyín iwájú tí ó rọ́pò eyín ọmọdé ti parí dídì, àbàwọ́n náà kò sì lè mú un mọ́.